Kí ìwé ṣáájú owó: ohun tí ìjọba lè ṣe fún àpérò àgbáyé sọ́fítíwíà orísun-ṣíṣí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí ìjọba kan bá kéde pé òun fẹ́ gbàlejò àpérò àgbáyé àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà orísun-ṣíṣí, iye owó tí wọ́n ṣèlérí ló máa ń kọ́kọ́ dé etí aráàlú. Owó dára, a kò ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àìtó owó kọ́ ló sábà máa ń ba irú àpérò bẹ́ẹ̀ jẹ́. Físà tí kò jáde lásìkò ni, àpótí ẹ̀rọ tó há sọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ni, íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti dí lójú ni, àti owó ìrànwọ́ tó wọlé lẹ́yìn tí àlejò ti lọ tán. Ìwé tí òṣìṣẹ́ ìjọba fọwọ́ sí ní nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ṣáájú ló lè yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ìwé ṣáájú owó.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣàjèjì sí: sọ́fítíwíà orísun-ṣíṣí ni èyí tí kóòdù rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, wà ní gbangba, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti lò ó, láti kà á, láti tún un ṣe àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Linux tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991 wà lára wọn, òun ló sì wà nínú ikùn gbogbo fóònù Android. Firefox tí a fi ń wo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, LibreOffice tí a fi ń tẹ ìwé wà níbẹ̀, PostgreSQL tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ wọ́n fọ́n káàkiri ayé. Àwọn kan ń gbowó oṣù lórí rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń fi àkókò ìsinmi wọn ṣe é.

Ẹnìkan lè béèrè pé àwọn tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ wọn wà láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni wọ́n tún ń rìnrìn àjò lọ bá ara wọn fún? Nítorí ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Ẹ wo Debian, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń tọ́jú láti 1993. Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ tó láṣẹ láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ìfọwọ́sí orí kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí kọ́kọ́rọ́ náà. Wọn kì í jẹ́rìí lásán. Wọ́n sábà máa ń pàdé ẹni náà, wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wò, wọ́n á fi ojú rẹ̀ wé àwòrán inú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ dunjú, àmọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò sí ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, lè dúró fún ọdún gbọọrọ kó tó rí ẹni tí yóò jẹ́rìí sí tirẹ̀. Tí àpérò bá wá bá a nílé, ogún ẹlẹ́rìí lè dé ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ayé rí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹnìkan ti ń dá ru ẹrù. Sọ́fítíwíà kékeré kan tó ń jẹ́ xz, tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀, wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ètò Linux, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó ti rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹlòmíràn tó ń lo orúkọ tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ra ṣe bí olùrànlọ́wọ́ fún nǹkan bí ọdún méjì, títí wọ́n fi fún un ní àṣẹ, ó sì fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ PostgreSQL, ló tú u fó, nítorí ó ṣàkíyèsí pé ìwọlé sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. A kò sọ pé àpérò ni ìbá dènà rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ibi tí olùtọ́jú ti dá wà, tí kò sí ẹni tó mọ ojú rẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni irú ewu bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba pàápàá ń lo àwọn sọ́fítíwíà wọ̀nyí lójoojúmọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọba gan-an.

Àwọn ìjọba kan ti ṣe é rí. Ìjọba agbègbè Extremadura ní Sípéènì gbé ètò LinEx jáde ní 2002, orí Debian ni wọ́n kọ́ ọ lé, wọ́n sì fi sínú kọ̀ǹpútà àwọn ilé-ìwé wọn. Nígbà tó di 2009, àpérò àgbáyé Debian wá sí ìlú Cáceres ní agbègbè náà, ìjọba sì kọ́wọ́ tì í. Ní 2011, Banja Luka ní Bosnia ni àpérò náà lọ, ìjọba Republika Srpska, ẹkùn tí ìlú náà wà, sì wà lára àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ní Áfíríkà, Cape Town gba àwọn Debian lálejò ní 2016, Dar es Salaam gba FOSS4G ti àwọn oníṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ ní 2018, Accra gba PyCon Africa àkọ́kọ́, ti àwọn tó ń fi èdè kọ̀ǹpútà Python ṣiṣẹ́, ní 2019. Ní Brussels, yunifásítì kan, ULB, ló ń yá àpérò orísun-ṣíṣí FOSDEM ní ilé lọ́dọọdún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń wọlé síbẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ilé ni yunifásítì náà fi ń ran FOSDEM lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí físà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àpérò ti ń pàdánù àwọn tó yẹ kó wá jù.

Bí a bá fi lẹ́tà ìpè láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ olùṣètò nìkan ránṣẹ́, òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì tó gbà á kò mọ ìgbìmọ̀ náà rí. Olùyọ̀ǹda ara ẹni tí kò ní iṣẹ́ oṣù, tí ẹlòmíràn yóò sanwó ọkọ̀ òfurufú rẹ̀, lójú irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ ẹni tí kò ní padà sílé. Ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe rèé. Kí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan yan òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀, fóònù rẹ̀ àti ímeèlì rẹ̀ wà lọ́wọ́ olùṣètò, tó sì ń dáhùn. Kí òṣìṣẹ́ náà kọ ìwé kan sí gbogbo ẹ́ḿbásì, kí ìwé náà ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà yẹn sì wà lórí lẹ́tà ìpè ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, olùṣètò á máa fi orúkọ ránṣẹ́ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: orúkọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù gan-an, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, orílẹ̀-èdè, ẹ́ḿbásì tí ẹni náà yóò ti bèèrè, ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìjáde.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Èkíní, orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ sọ́fítíwíà fi mọ ẹnìkan lè máà jẹ́ èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Bí lẹ́tà bá ti yàtọ̀ sí pásípọ́ọ̀tù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èkejì, lẹ́tà á kọ ọjọ́ àpérò nìkan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àpérò ní ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀. Físà ọjọ́ méje kò lè gba ẹni tó ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ̀kẹta, ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè tó ń gbàlejò kò sí ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó bá ní láti rìnrìn àjò lọ sí orílẹ̀-èdè kẹta, kó fi pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á kúkú jókòó sílé. Fún irú wọn, kí ìjọba fàyè gba físà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí físà tí wọn yóò gbà ní pápákọ̀ òfurufú, kí orúkọ wọn sì ti wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ tí wọ́n máa balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àsìkò níbẹ̀ gba ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí a fi òfin Schengen ti Yúróòpù ṣe àpẹẹrẹ nítorí ó ṣe kedere: ènìyàn kò lè bèèrè físà náà ṣáájú oṣù mẹ́fà sí ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ dúró títí yóò fi ku ìgbà tí kò tó ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń dáhùn, wọ́n sì lè fà á dé 45. Ẹ wá ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Bí àpérò bá wà ní oṣù keje, tí ẹni tó ń retí owó ìrìn àjò kò sì gbọ́ èsì títí di oṣù karùn-ún, ẹni tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn á wá, ẹni tí tirẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn kò ní lè wá. Oṣù kejì ló yẹ kí èsì owó ìrìn àjò ti jáde. Èyí ló so físà pọ̀ mọ́ owó: owó tó bá dé ní oṣù kẹfà, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè ra físà mọ́.

Nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù àwọn ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi ímeèlì lásán ránṣẹ́. Kí olùṣètò àti ilé-iṣẹ́ ìjọba jọ fohùn ṣọ̀kan lórí fáìlì tí a ti pa ojú rẹ̀ dé, kí wọ́n sì pa á rẹ́ lẹ́yìn àpérò. Àwọn tó ń bọ̀ wá mọ ọ̀rọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Bí wọ́n bá rí i pé à ń fi nọ́ńbà wọn ṣeré, wọn kò ní fún wa.

Kọ́sítọ́ọ̀mù ló kàn. Ẹgbẹ́ tó ń ya fídíò ní àwọn àpérò wọ̀nyí sábà máa ń gbé ẹ̀rọ ti ara wọn kiri: kámẹ́rà, gbohùngbohùn, kọ̀ǹpútà, wáyà, ẹ̀rọ Wi-Fi. Ìwé kan wà tó ń jẹ́ ATA Carnet, tó ń jẹ́ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé fún ìgbà díẹ̀, tó lè tó ọdún kan, láìsan owó ibodè, lórí ìlérí pé yóò padà jáde. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń gbà á. Níbi tí wọn kò bá ti gbà á, àṣẹ ìkówọlé fún ìgbà díẹ̀ ni à ń gbà, wọ́n sì sábà máa ń bèèrè owó ìdúró. Ìjọba lè fi ìwé dúró fún àpérò dípò owó náà, kò ní ná an ní ohunkóhun tí ẹrù bá padà jáde. Ohun tó ń dá ẹrù dúró jù ni nọ́ńbà ẹ̀rọ tí kò bá èyí tó wà nínú ìwé mu. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ ka nọ́ńbà láti ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kó má ṣe ka ti ara páálí. Kí ẹrù sì dé ní ọjọ́ 14 ṣáájú. Èyí tó bá balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àpérò máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ilé ìkẹ́rùsí ni yóò ti lo òpin ọ̀sẹ̀, owó ìkẹ́rù á sì máa gorí ara rẹ̀.

Gbohùngbohùn aláìní-wáyà tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìgbì rédíò tí ó tọ́ lábẹ́ òfin ní orílẹ̀-èdè kan lè jẹ́ èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń lò ní òmíràn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá bèèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń pín ìgbì, ariwo ni yóò máa jáde láti ẹnu gbohùngbohùn, tàbí kí àjọ náà wá gbẹ́sẹ̀ lé e. Àṣẹ ìgbà díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Ní ti ẹ̀wù àpérò, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí orílẹ̀-èdè tó ń gbàlejò, nítorí lójú kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ̀wù 500 nínú páálí ọjà títà ni.

Wàyí o, owó. Owó ìjọba tó ń gba ọ̀nà àsanpadà, ìyẹn kí olùṣètò kọ́kọ́ ná an kí ìjọba tó dá a padà, kò ṣe é lò fún ìrìn àjò àwọn tí kò ní. Ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ nítorí pé kò lówó tíkẹ́ẹ̀tì, a kò lè ní kó lọ yá owó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ìjọba san ìpín àkọ́kọ́ nígbà tí ìbuwọ́lùwé bá parí, ìpín kejì ní oṣù mẹ́ta ṣáájú àpérò, kí ó sì di ìpín díẹ̀ mú títí ìwé ìṣirò yóò fi jáde. Níbi tí ìgbìmọ̀ olùṣètò kò bá ti jẹ́ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kò sí báǹkì tí yóò ṣí àkáǹtì fún un, ìjọba náà kò sì lè sanwó sínú àkáǹtì ẹnì kan. Owó Debian ń gba ọwọ́ àjọ aláìlérè bíi Software in the Public Interest, àwọn ètò mìíràn ń lo Software Freedom Conservancy, ṣùgbọ́n owó ìjọba lè máà rọrùn láti fi ránṣẹ́ sókè òkun. Nítorí náà, kí wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ kan sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ ìwé ìbéèrè rárá, tàbí kí yunifásítì kan gba owó náà dúró fún wọn. Bí ó bá jẹ́ yunifásítì, kí wọ́n bèèrè iye tí yóò yọ kúrò nínú rẹ̀ fún ìtọ́jú. Kí wọ́n sì bèèrè bóyá owó orí yóò já a kù kó tó dé ọwọ́.

Ọdún ìṣúná náà máa ń dẹ́kùn múni. Bí àpérò bá bọ́ sí oṣù kejì ọdún ìṣúná tuntun, owó tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún tó kọjá lè ti padà sí àpò ìjọba. Tíkẹ́ẹ̀tì sì máa ń jẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè, nígbà tí ìlérí ìjọba jẹ́ owó ilé. Kí ìlérí náà kúkú jẹ́ iye tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pé ìjọba yóò gbé ènìyàn 40 wá, dípò iye owó tí pàṣípààrọ̀ lè jẹ ìdajì rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Níbi tí owó kò bá sí rárá, ilé ìjọba lè dípò rẹ̀. Yunifásítì ìjọba ní àkókò ìsinmi akẹ́kọ̀ọ́ ló dára jù: gbọ̀ngàn kan fún 400 ènìyàn, yàrá mẹ́ta fún 80 sí 100, yàrá kéékèèké márùn-ún tàbí mẹ́fà fún ìjíròrò, àti yàrá iṣẹ́ tí kì í tì, tọ̀sán tòru. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ìjọba máa ń gbàgbé. Ẹni tó bá ń ti ilẹ̀kùn ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti gba ìdajì àpérò lọ́wọ́ wọn, nítorí alẹ́ ni wọ́n ń jókòó ti iṣẹ́ gidi. Àwọn ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ á gba àlejò, ilé oúnjẹ wọn á bọ́ wọn.

Ní ti iná, ìṣirò rẹ̀ kò le. Kọ̀ǹpútà alágbèéká máa ń fa nǹkan bíi wáàtì 65. Bí 300 bá ń gba iná lẹ́ẹ̀kan náà, wáàtì 19,500 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílówáàtì 20, láìtíì ka ẹ̀rọ amúlétutù. Gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún ìpàdé lásán kò ní ihò iná tó bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn á sì máa ki wáyà gígùn kan bọ òmíràn títí wáyà á fi gbóná. Kí oníná pín in sí ọ̀nà mẹ́rin ó kéré tán, kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní fíúsì tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan kò tó: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí iná fi lọ kó tó gbé e ti tó láti pa ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì àti fídíò tí wọ́n ń yà. Kí bátìrì UPS wà lábẹ́ àwọn méjì yẹn. Kọ̀ǹpútà àlejò ní bátìrì tirẹ̀ nínú.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni a fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí ibi tí ìlérí ìjọba ti ń fọ́ jù nìyí. Wọ́n á sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì wà, ó sì wà lóòótọ́, àmọ́ fún ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe é. Ènìyàn 500 nínú irú àpérò yìí á kó nǹkan bí ẹ̀rọ 1,500 wá, fóònù, kọ̀ǹpútà àti òmíràn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì sábà máa ń ní àdírẹ́sì 254 péré, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà kó tó lè wọlé. Nígbà tó bá di agogo mẹ́wàá àárọ̀, àdírẹ́sì ti tán, Wi-Fi á sì máa hàn lójú fóònù bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò ní ṣí ojú ewé kankan. Kí wọ́n ṣe é ní ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń pè ní /21, tó ní àdírẹ́sì 2,046, kí àdírẹ́sì sì máa padà sínú àpò lẹ́yìn wákàtí kan dípò ọjọ́ kan. Kí wọ́n ka ẹ̀rọ Wi-Fi kan fún ẹ̀rọ àlejò 50, ó di nǹkan bí 30. Kí wọ́n má ṣe gbé agbára rẹ̀ sókè pátápátá, nítorí lórí ìgbì rédíò 2.4 GHz, ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ni kì í gorí ara wọn, 1, 6 àti 11. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá ń pariwo pọ̀ níbẹ̀, kò sí èyí tó ń gbọ́ ekejì. Ìgbì 5 GHz ni kó gbé èrò tó pọ̀ jù.

Ohun mìíràn tó ń pa iṣẹ́ ni ìdènà. Ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìjọba àti ti ilé-ìwé ti dí pọ́ọ̀tù 22, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí SSH, ètò tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn láìséwu, ń gbà kọjá. Fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kò ní ìtumọ̀. Fún ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà, ọ̀nà tó ń gbà fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ ni wọ́n tì yẹn. Kí wọ́n ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì àpérò sọ́tọ̀ pátápátá, láìsí ìdènà, láìsí ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ tí yóò máa bèèrè nọ́ńbà fóònù. Kí wọ́n dán an wò láti inú yàrá náà gan-an ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó sì jẹ́ ẹni tó mọ ohun tí SSH jẹ́ ni yóò dán an wò.

Kí wọ́n tún gbé kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ tó ní ẹ̀dà àwọn àkójọ sọ́fítíwíà tí àwọn àlejò ń lò. Bí 300 ènìyàn bá fẹ́ gba gígábáìtì kọ̀ọ̀kan láti òkè òkun lórí ọ̀nà tó ń gbé mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá, wákàtí mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú ni yóò gbà, kò sì ní sí ààyè fún ẹnikẹ́ni mìíràn. Láti ara ẹ̀dà tó wà nínú ilé, lórí wáyà gígábíìtì kan, ogójì ìṣẹ́jú ni. Àwọn olùyọ̀ǹda mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí wọ́n nílò ni àyè, iná, àti ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́, tí fóònù rẹ̀ kì í kú.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà nílò ìwé. Àpò àlejò wọ̀nyí kún fún wáyà, pákó ẹ̀rọ tí kò ní àpótí, bátìrì, irin tí wọ́n fi ń jó òjé. Ẹ̀ṣọ́ tí kò tíì rí irú rẹ̀ rí á rò pé bọ́ǹbù ni, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Ojú ewé kan tó ní àwòrán àwọn nǹkan náà, tí ọ̀gá wọn bu ọwọ́ lù, á tó. Kí ìjọba sì fi ìwé ṣèlérí pé wọn kò ní ní kí àlejò ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tàbí kó sọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ní pápákọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà láyé gbẹ́kẹ̀ lé, inú kọ̀ǹpútà náà ló wà. Bí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ bá wà, àwọn tó ṣe pàtàkì jù ni kò ní wá.

A ní láti sọ èyí náà láìfi bò: kí ìjọba má ṣe gba ètò lọ́wọ́ àwọn olùṣètò. Ìṣẹ́jú ogún ti tó fún ọ̀rọ̀ mínísítà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ayẹyẹ ìṣíde bá jẹ ọ̀sán, ìpàdé mẹ́wàá ló ṣubú, àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sì ti òkè òkun wá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ló ń yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, owó onígbọ̀wọ́ kì í ra àyè níbẹ̀. Bákan náà, kí ìwé àdéhùn má ṣe sọ pé ohun gbogbo tí wọ́n bá kọ níbẹ̀ di ti ìjọba. Kóòdù náà ti ní olóhun kó tó dé: àwọn tó kọ ọ́ ló ni í, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì ti gba gbogbo ènìyàn láàyè láti lò ó. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo tí agbẹjọ́rò ìjọba ṣàdàkọ láti inú ìwé iṣẹ́ àgbàṣe lè mú kí àwọn olùṣètò kọ owó náà.

Fídíò ni yóò kù nílẹ̀ nígbà tí gbogbo wọn bá ti lọ. Kámẹ́rà méjì fún yàrá kọ̀ọ̀kan, ohùn láti inú ẹ̀rọ tó ń pín ohùn, kì í ṣe láti ara kámẹ́rà, àti gbohùngbohùn kan tí ẹnìkan á máa gbé lọ bá àwọn tó ń béèrè ìbéèrè, nítorí láìsí rẹ̀, ìdáhùn nìkan ni ẹni tó wà nílé yóò gbọ́. Ní mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá, wákàtí kan jẹ́ gígábáìtì 4.5. Yàrá mẹ́ta, wákàtí méje lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà, ó jẹ́ wákàtí 126, nǹkan bíi gígábáìtì 567. Kí wọ́n ra dísìkì méjì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọ̀kan má ṣe sùn sínú ilé tí ekejì wà.

Èrè tó wà níbẹ̀ fún ìjọba kò fara pamọ́. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá mọ ìyà lẹ́tà ẹ́ dáadáa. Nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì òkè náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì pọ̀. Sọ́fítíwíà tó ń to lẹ́tà, irú HarfBuzz, ló ń gbé àmì náà lé orí lẹ́tà, níbi tí fọ́ǹtì bá ti sọ pé kó dúró sí. Bí fọ́ǹtì kò bá ní ibi ìdúró yẹn, àmì á yà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú fọ́ǹtì àti ẹni tó ń tọ́jú sọ́fítíwíà tó ń tò ó máa ń wá sí irú àpérò yìí. Olùkọ́ èdè kan tó bá wọn jókòó pẹ̀lú ojú ewé tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè rí i kí wọ́n tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, àtúnṣe náà á sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ń lò ó. Kí ìjọba rán àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá bákan náà, kí wọ́n mú ìṣòro ọ́fíìsì wọn wá. Kí wọ́n má ṣe wá jókòó ní ìlà iwájú nìkan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n ka iye àtúnṣe tí àwọn ọmọ ilẹ̀ ti fi ránṣẹ́ tí wọ́n sì gbà wọlé. Gbangba ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, ẹnikẹ́ni lè kà á.

Nítorí náà, Olóòtú, nígbà mìíràn tí ìjọba bá pe àwọn oníròyìn yín láti kéde irú àpérò yìí, ẹ bá wa béèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó kọ iye owó sílẹ̀: ta ni òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ físà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ wo ni ìwé yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ́ḿbásì, àti oṣù wo ni ìpín owó àkọ́kọ́ yóò jáde.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwa tí ètò àpérò sọ́fítíwíà jẹ lógún